Agbè àti Omi Inú Rẹ̀: Àmójútó Ibùgbéra nínú Kọ̀ǹpútà Unix



1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí ohun kan tí ojú kì í sábà rí, èyí ni bí kọ̀ǹpútà tí ń sin ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà ṣe ń jí, àti bí a ṣe lè tún un ṣe láìpa iṣẹ́ tí ń bẹ nínú rẹ̀ lára. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní sáfà. Òun ni ó ń pa èsì ìdánwò mọ́ ní yunifásítì, òun ni ó ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, òun náà ni ó ń gba lẹ́tà wọlé tí ó sì ń fi òmíràn ránṣẹ́. Nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí í rántí rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ilé-iṣẹ́ ni yóò káwọ́ gbera.

Nítorí ìdí èyí, ẹ̀rù a máa ba ẹni tí ń bójú tó sáfà láti fọwọ́ kàn án. Àwọn tí wọ́n ṣe ètò ìdarí rẹ̀ a máa gbé àtúnṣe jáde lóòrèkóòrè, nítorí pé àṣìṣe kì í tán nínú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, àṣìṣe mìíràn sì jẹ́ ihò tí olè lè gbà wọlé. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí ó dí ihò kan lè ba nǹkan mìíràn jẹ́. Bí alábòójútó bá tún ẹ̀rọ náà ṣe, ó lè má jí mọ́. Bí kò bá sì tún un ṣe, olè lè wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bí ó ti wà fún ọdún púpọ̀, wọn a sì máa gbàdúrà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni pé ọ̀nà àbáyọ wà, àti pé ọ̀nà náà ní ewu tirẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun lè padà sẹ́yìn ni ó lè tẹ̀ síwájú láìfòyà. Ṣùgbọ́n kí ó tó padà, ó gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò bá a padà, àti ohun tí kò gbọdọ̀ bá a padà rárá. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

2. Ọ̀rọ̀ Ìperí àti Bí Sáfà Ṣe Ń Jí

Unix ni ètò ìdarí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1969 ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Láti ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò mìíràn ti ya. Méjì nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni n ó tọ́ka sí jù lọ, Solaris àti FreeBSD, nítorí pé inú wọn ni ọgbọ́n tí mo ń sọ ti gbilẹ̀.

Nígbà tí a bá tan sáfà, kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò kékeré kan tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ti kọ mọ́ inú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ la ojú. Òun ni ó wo àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, tí ó sì wá ètò kejì tí ó wà ní àyè kan pàtó lórí dísìkì. Ètò kejì yìí ni n ó máa pè ní ètò ajíni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó wá kókó ètò ìdarí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kernel, kí ó gbé e dìde, kí ó sì fi ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́. Kernel ni yóò wá di gbòǹgbò mú, gbòǹgbò sì ni ibi tí àwọn fáìlì gbogbo ti ya ẹ̀ka. Lẹ́yìn èyí ni yóò bí ètò tí ń jẹ́ init, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1, tí àwọn ètò yòókù sì jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ètò ajíni ni ó ń yan gbòǹgbò tí ẹ̀rọ yóò lò. Kò sí òfin tí ó sọ pé gbòǹgbò kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ wà. A lè ní méjì, a lè ní márùn-ún, kí ètò ajíni sì mú ọ̀kan nínú wọn gẹ́gẹ́ bí a ti pa á láṣẹ. Gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan tí ó pé, tí ó ní kernel tirẹ̀, àwọn ètò tirẹ̀ àti àwọn fáìlì ìṣètò tí ó bá wọn mu, ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní boot environment. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ibùsùn, ibùdó àti ibùjókòó, èmi yóò máa pè é ní ibùgbéra, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń gbéra.

3. Ibi tí Ọgbọ́n Náà ti Wá

Ní àkókò Solaris 8, tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ti California gbé jáde ní ọdún 2000, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní irinṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Live Upgrade. Àṣẹ lucreate a da gbogbo gbòǹgbò tí ń ṣiṣẹ́ kọ sí apá mìíràn nínú dísìkì. Àṣẹ luupgrade a sì tún ẹ̀dà yìí ṣe nígbà tí ti àkọ́kọ́ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àṣẹ luactivate ni ó wá ń sọ fún ẹ̀rọ pé inú ẹ̀dà náà ni kí ó ti gbéra nígbà mìíràn. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ó ná ni ní nǹkan púpọ̀. A ní láti fi àyè dísìkì tí ó tó odidi gbòǹgbò sílẹ̀, a sì ní láti dúró kí fáìlì kọ̀ọ̀kan di dídà kọ tán. Ohun tí ó bá ṣòro láti ṣe, ọjọ́ tí ó yẹ gan-an ni a kì í ṣe é.

Ohun tí ó yí èyí padà ni ZFS, ọ̀nà tuntun láti tọ́jú fáìlì sórí dísìkì, tí Jeff Bonwick àti Matthew Ahrens bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Sun ní ọdún 2001. Ó wọ inú Solaris ní ọdún 2005, ó sì dé ọwọ́ àwọn oníbàárà ní ọdún 2006. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣe, kí a fi ojú inú wo akọ̀wé kan tí kì í pa ohun tí ó ti kọ rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, ojú-ewé titun ni ó ń kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà ni ó ń tún atọ́ka ìwé kọ kí ó lè tọ́ka sí ojú-ewé titun. Bí a bá wí fún akọ̀wé yìí pé kí ó da atọ́ka ti òní kọ kí ó sì fi í pamọ́, kò ní láti da gbogbo ìwé kọ. Atọ́ka nìkan ni yóò dà kọ, kò sì ní fọwọ́ kan ojú-ewé kankan tí atọ́ka àtijọ́ bá ṣì ń tọ́ka sí.

Báyìí ni ZFS ṣe ń ya àwòrán gbòǹgbò ní ojú-ẹsẹ̀, tí ó sì lè sọ àwòrán náà di ẹ̀dà tí a lè kọ nǹkan sí. Ẹ̀dà náà kì í gba ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ, kì í sì í gba àyè tó nǹkan ní ọjọ́ tí a bí i. Bí òun àti ti àkọ́kọ́ bá ṣe ń yàtọ̀ síra wọn ni àyè tí ó ń gbà yóò máa pọ̀ sí i.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni a kọ irinṣẹ́ tí ń jẹ́ beadm sí fún OpenSolaris ní ọdún 2008. Nígbà tí Solaris 11 jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, lẹ́yìn tí Oracle ti ra Sun ní ọdún 2010, ọgbọ́n yìí ti di àṣà ilé: bí àtúnṣe bá tóbi tó, àṣẹ àtúnṣe fúnra rẹ̀ ni yóò dá ibùgbéra titun sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń bá Solaris tí a ti là sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ lábẹ́ orúkọ illumos láti ọdún 2010 kò fi beadm sílẹ̀. FreeBSD gba ZFS wọlé nínú ẹ̀dà 7.0 ní ọdún 2008, ó sì fi irinṣẹ́ tirẹ̀, bectl, sínú ẹ̀dà 12.0 ní oṣù Kejìlá ọdún 2018.

4. Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Lórí FreeBSD, àṣẹ bectl list a fi gbogbo ibùgbéra hàn, pẹ̀lú ọjọ́ tí a dá wọn àti àyè tí wọ́n gbà. Lẹ́tà N wà níwájú èyí tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́, lẹ́tà R sì wà níwájú èyí tí yóò ti gbéra bí a bá tún un tàn. Lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́ kankan nílẹ̀, ọ̀kan náà ni lẹ́tà méjèèjì ń bá gbé.

Bí àtúnṣe bá dé, alábòójútó tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀rọ wà. Yóò fi bectl create dá ibùgbéra titun, yóò sì fún un ní orúkọ tí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Yóò fi bectl mount ṣí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì ṣe gbogbo àtúnṣe sínú rẹ̀ níbẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ènìyàn ń bá iṣẹ́ wọn lọ nínú ti àtijọ́, wọn kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Fún àwa tí iná mànàmáná lè lọ lọ́wọ́ wa láìkéde, àǹfààní kan wà nínú èyí tí ó ju ti àwọn tí ó dá a sílẹ̀ lọ. Bí iná bá lọ ní àárín àtúnṣe, ibi tí a kò tí ì lò ni ó ṣe ségesège. Nígbà tí iná bá dé, inú ibùgbéra àtijọ́ ni ẹ̀rọ yóò ti jí, a ó pa èyí tí ó bàjẹ́ rẹ́, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Bí àtúnṣe bá parí, bectl activate ni yóò gbé lẹ́tà R lọ sí iwájú titun. Ọ̀nà tí ó tún dára ju èyí lọ wà: bí a bá fi -t kún àṣẹ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yóò gbìyànjú ibùgbéra titun. Bí ó bá subú lójú ọ̀nà, tí a sì tún un tàn, ti àtijọ́ ni yóò padà sí fúnra rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì nígbà tí sáfà bá wà ní ìlú mìíràn, tí kò sí ẹni tí yóò dúró níwájú rẹ̀ láti yan ibùgbéra lójú ètò ajíni.

Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ibùgbéra ni ó fún alábòójútó ní ẹ̀yìn tí ó lè wò.

5. Agbè àti Omi

Títí dé ìhín, ọ̀rọ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ó ti korò.

Yorùbá ní òwe kan tí a máa ń fi tu ẹni tí àjálù bá nínú: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí ohun tí a fi ń pọnmi bá wà, a ó tún omi mìíràn pọn. Nínú iṣẹ́ sáfà, òdìkejì òwe yìí ni òtítọ́. Ètò ìdarí ni agbè, a sì lè rí òmíràn bí irú rẹ̀ gbà nígbàkígbà láti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é. Àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn ni omi, bí ó bá sì dànù, kò sí odò tí a ti lè pọn ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé yunifásítì kan ń forúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lórí sáfà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, alábòójútó wọ ibùgbéra titun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú kọjá, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì forúkọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé a rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, alábòójútó sì fi ìrọ̀rùn padà sínú ibùgbéra ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú ibùgbéra ni àká àkọsílẹ̀ wà, gbogbo orúkọ tí a kọ láàárín ọjọ́ méjì náà ti pòórá lójú àwọn akọ̀wé. Wọn kò parun o; wọ́n wà nínú ibùgbéra tí a fi sílẹ̀. Ohun tí ó burú ni pé orúkọ titun yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí wọlé lórí ti àtijọ́, a ó sì ní ìwé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òtítọ́ tí èkejì kò ní. Bí ẹnì kan bá wá pa ibùgbéra tí kò wúlò mọ́ rẹ́ láti fi gba àyè, ìgbà náà ni omi dànù tán.

Kì í ṣe àròsọ lásán ni èyí. Nígbà tí a bá fi ZFS gbé FreeBSD kalẹ̀ bí ó ṣe wà, ilé àwọn ènìyàn, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ inú /var/log àti lẹ́tà inú /var/mail wà lóde ibùgbéra, wọn kì í sì í bá a padà. Ṣùgbọ́n inú ibùgbéra ni /var/db wà. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ dára: ibẹ̀ ni àkójọ orúkọ àwọn ètò tí a gbé kalẹ̀ wà, ó sì yẹ kí àkójọ náà máa bá àwọn ètò náà rìn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni MySQL àti PostgreSQL ń kó àkọsílẹ̀ wọn sí lórí FreeBSD, bí a kò bá pàṣẹ mìíràn fún wọn. Alábòójútó tí kò mọ̀ ti da omi mọ́ ara agbè. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ó dá àyè ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún àká àkọsílẹ̀ lóde ibùgbéra, kí ó dá iṣẹ́ dúró díẹ̀, kí ó kó àkọsílẹ̀ síbẹ̀, kí ó tó máa ronú àtúnṣe kankan.

Síbẹ̀, kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ nìkan kò tó. Bí ètò bá wà nínú tí àkọsílẹ̀ sì wà lóde, ọ̀kan lè padà kí èkejì má padà. PostgreSQL jẹ́ àpẹẹrẹ kan: bí a bá bọ́ sínú ẹ̀dà ńlá tí ó tẹ̀ lé e, tí a sì yí àkọsílẹ̀ padà sí ìlànà tirẹ̀, ẹ̀dà àtijọ́ kò ní lè ka àkọsílẹ̀ náà mọ́. Ẹni tí ó bá padà sínú ibùgbéra àtijọ́ yóò bá ètò tí ó jí, tí kò sì mọ ìwé tirẹ̀ kà. Nítorí náà, a kì í ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ àtúnṣe ètò ìdarí. Ọjọ́ tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni a ń dá fún un, pẹ̀lú ẹ̀dà ìpamọ́ tirẹ̀.

Fáìlì ìṣètò náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Inú ibùgbéra ni /etc wà, inú /etc sì ni orúkọ àwọn tí ó ní àṣẹ láti wọ ẹ̀rọ wà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí a sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, tí a wá padà sínú ibùgbéra ọjọ́ Ẹtì, orúkọ rẹ̀ ti padà sípò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ àtijọ́. Ilẹ̀kùn tí a ti tì tún ti ṣí, kò sì sí ẹni tí ó ṣí i. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí alábòójútó ní ìwé kan lóde ibùgbéra, níbi tí ó ń kọ gbogbo ìyípadà sí ní ọjọ́ tí ó ṣe é, kí ó lè tún wọn ṣe lẹ́yìn tí ó bá padà.

6. Àwọn Ohun tí Ibùgbéra Kò Lè Ṣe

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ fi kún un. Èkíní, ibùgbéra kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Orí dísìkì kan náà ni titun àti àtijọ́ wà, ọ̀pọ̀ ojú-ewé wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí iná bá jó dísìkì, gbogbo wọn ni yóò bá a lọ.

Èkejì, àwọn nǹkan kan wà lábẹ́ gbogbo ibùgbéra tí kì í padà pẹ̀lú wọn. Bí a bá fi àṣẹ zpool upgrade sọ agbo dísìkì di ti ìgbàlódé, kò sí àṣẹ tí yóò sọ ọ́ di ti àtijọ́ mọ́, ibùgbéra àtijọ́ sì lè má lè ka agbo náà. Ètò ajíni pẹ̀lú lè wà lóde ibùgbéra. Bí kò bá mọ ohun titun tí a fi kún agbo dísìkì, ẹ̀rọ kò ní jí rárá, bí ibùgbéra tí a ní tilẹ̀ pé mẹ́wàá. Ẹ má fọwọ́ kan agbo dísìkì títí ìgbà tí ó bá dáa yín lójú pé ẹ kò ní padà sẹ́yìn mọ́, ẹ sì kọ́kọ́ tún ètò ajíni ṣe.

Ẹ̀kẹta, ibùgbéra àtijọ́ a máa jẹ àyè. Níwọ̀n ìgbà tí atọ́ka rẹ̀ bá ṣì wà, kò sí ojú-ewé kan tí ó di mú tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Alábòójútó a máa pa fáìlì rẹ́, dísìkì a sì kún síbẹ̀. Bákan náà, ihò tí a ti dí nínú titun ṣì là sílẹ̀ nínú àtijọ́. Nítorí náà, kí a dá ọjọ́ fún ibùgbéra kọ̀ọ̀kan. Bí titun bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a yẹ inú àtijọ́ wò bóyá àkọsílẹ̀ kan há síbẹ̀, lẹ́yìn náà kí a fi bectl destroy pa á rẹ́.

7. Àsọkágbá

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọgbọ́n ibùgbéra ti sọ ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ òru ńlá nígbà kan rí di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, àti pé ó ti mú ẹ̀rù tí ó ń mú kí àwọn ènìyàn fi ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ láìtúnṣe kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rọrùn láti ṣe ni ó rọrùn láti ṣì ṣe. Àṣẹ tí ń dá ibùgbéra kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kernel àti orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí a bá fa ìlà sí ni ó ń tẹ̀ lé, ènìyàn ni ó sì ń fa ìlà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tí wọ́n ń bójú tó sáfà ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ilé ìwòsàn àti ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ni pé kí ẹ jókòó ní ọjọ́ tí ara rọ̀, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ibi tí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn wà sínú ìwé, kí ẹ sì bi ara yín léèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: bí mo bá padà sí àná, ṣé ó yẹ kí èyí bá mi padà? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò sí nínú ìwé ìlò FreeBSD tàbí ti Solaris. Ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe fún ará ìlú ni ó wà. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a wo ilé àkọsílẹ̀ wa kí a tó pa àṣẹ àtúnṣe.